Tọ́bò Kọ́ Ni Ẹ Ó Kọ́kọ́ Mú: Bí Wọ́n Ṣe Ń Wádìí Porsche 944 Turbo Tó Kọ̀, Tí Kò Ṣíná

Ìrì dídì ṣì funfun lórí koríko ní abúlé kan ní Essex, níhà ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí baba kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì ṣí ilẹ̀kùn gárééjì rẹ̀. Ọkọ̀ pupa kan ló wà níbẹ̀, imú rẹ̀ rẹlẹ̀, iná iwájú rẹ̀ sá sínú ara rẹ̀. Porsche 944 Turbo ni, ti ọdún 1989.

Baba jókòó, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì yí. Ó ń yí ṣáá, státà ń ké, bátìrì ń gbé e bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n kò gbaná. Ó sinmi díẹ̀, ó tún yí i. Bákan náà ló rí. Kò wúkọ́ rárá, kò rú èéfín, kò sì sí òórùn epo lẹ́nu sàlẹ́ńsà.

"Ọjọ́bọ̀ ni mo gbé e lọ ra búrẹ́dì," ló wí. "Mo pa á, mo wọlé. Láti ìgbà náà ni kò ti dá mi lóhùn mọ́."

Àwọn aládùúgbò kò pẹ́ dé. Ọ̀kan ní tọ́bò ló ti jóná, torí gbogbo ọkọ̀ onítọ́bò kì í pẹ́ bàjẹ́. Èkejì ní epo tó wà nínú táǹkì ti pẹ́ jù. Ẹ̀kẹta ní kí wọ́n yọ ọpọlọ ọkọ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà rẹ̀, kúrò, kí wọ́n lọ ra òmíràn. Kí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e tó parí, baba ti ra pọ́ǹpù epo tuntun, ó ti pààrọ̀ plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì ti ra kọ́ìlì. Owó gidi ti lọ. Ọkọ̀ wà níbi tó wà.

Ohun tó ń ṣe ọkọ̀ náà kò tóbi ju ohun tí èèyàn lè dì mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Ọ̀nà tí wọ́n gbà rí i ló jẹ mí lógún jù, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ irú èyí ni wọ́n ti pa tì sẹ́yìn ilé, tí wọ́n sì ti tú palẹ̀ fún ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, láìjẹ́ pé àìsàn wọn le. Àwọn tó ń tún wọn ṣe ló ra nǹkan kí wọ́n tó wádìí.

Ọkọ̀ tí à ń sọ

Ọdún 1982 ni Porsche bẹ̀rẹ̀ sí í ta 944. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 1985, ni èyí tó ní tọ́bò jáde. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin ló ní, lítà méjì àti ààbọ̀, agbára rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹṣin 220. Ní 1988, wọ́n gbé Turbo S jáde pẹ̀lú agbára ẹṣin 250, nígbà tó sì di 1989, ẹ́ńjìnnì yẹn náà ni gbogbo 944 Turbo ń lò.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé Stuttgart ni wọ́n ti kan gbogbo wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ Audi ní Neckarsulm ni wọ́n ti to èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Gbogbo 944, onítọ́bò àti aláìnítọ́bò, lé ní 160,000. Èyí tó ní tọ́bò nínú wọn jẹ́ nǹkan bí 25,000. Gíà wọn wà lẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì wà níwájú, kí ìwúwo ọkọ̀ lè pín dọ́gba. Ẹni tó bá ti wà á rí lójú ọ̀nà oníkọ́nà mọ ìdí tí àwọn tó ni ín fi ń náwó lé e lórí.

Tọ́bò fúnra rẹ̀ ti pẹ́ ju Porsche lọ. Alfred Büchi, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Switzerland, ló gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1905. Èéfín tó ń jáde nínú ẹ́ńjìnnì ni yóò yí àgbá kékeré kan, àgbá yẹn yóò yí èkejì rẹ̀, èkejì ni yóò sì máa ti afẹ́fẹ́ wọnú ẹ́ńjìnnì ju bí ẹ́ńjìnnì ṣe lè fà á fúnra rẹ̀. Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ fi í sínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ará ìlú lè rà, ní 1962, nínú Oldsmobile Jetfire àti Chevrolet Corvair Monza Spyder. BMW 2002 Turbo tẹ̀ lé e ní 1973, Porsche 911 Turbo dé ní 1974, Saab náà kò sì kẹ́yìn.

Tọ́bò kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ gbangba: tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí tí kò ṣíná, tọ́bò ló yẹ kí ó gbẹ̀yìn nínú àwọn tí a ó fura sí.

Èéfín ló ń yí tọ́bò. Nígbà tí státà nìkan ṣì ń yí ẹ́ńjìnnì, yíyí rẹ̀ kì í sábà ju bí igba sí ọ̀ọ́dúnrún lọ ní ìṣẹ́jú kan, kò sì tíì sí èéfín gidi kankan. Tọ́bò kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọkọ̀ tí tọ́bò rẹ̀ ti bàjẹ́ yóò ṣíná. Yóò wá máa rú èéfín aláwọ̀ búlúù, tàbí kí ó má lágbára mọ́, tàbí kí ó máa hu bí ajá tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀. Gbogbo ìyẹn, lẹ́yìn tó bá ti ṣíná ni.

Ibi kan wà tí ọ̀rọ̀ tọ́bò ti lè wọ̀ ọ́. Láàárín ibi tí ọkọ̀ ti ń wọn afẹ́fẹ́ àti ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọ ẹ́ńjìnnì, rọ́bà ńláńlá wà tó gba tọ́bò kọjá, tó tún gba ibi tí wọ́n ti ń tu afẹ́fẹ́ náà lára. Tí ọ̀kan nínú wọn bá yọ tàbí tó ya, afẹ́fẹ́ tí ọpọlọ ọkọ̀ kò kà yóò máa wọlé. Ẹ́ńjìnnì yóò wúkọ́, yóò gbaná díẹ̀, yóò sì kú. Ọkọ̀ baba Essex kò wúkọ́ rárá. Àmì yẹn nìkan ti yọ rọ́bà kúrò nínú ẹjọ́.

Obìnrin mẹkáníìkì kan tó ti ń tún Porsche àtijọ́ ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún ní gúúsù England sọ fún mi pé ìbéèrè tí òun kọ́kọ́ ń bi oníbàárà lórí fóònù ni irú ariwo tí ọkọ̀ ń pa. "Wọ́n máa ń fẹ́ sọ ohun tí wọ́n ti rà fún mi," ló wí. "Mo máa ń ní kí wọ́n gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n sì yí kọ́kọ́rọ́."

Kọ̀ǹpútà tí kò ní ẹnu

Mẹkáníìkì òde òní yóò ki wáyà bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ̀rọ yóò sì ka àṣìṣe fún un. Àṣà yẹn kò tíì dé nígbà tí wọ́n ń ṣe 944. Ọdún 1996 ni ìlànà OBD-II di dandan fún ọkọ̀ tuntun ní Amẹ́ríkà. Ní Yúróòpù, ọdún 2001 ni fún ọkọ̀ tó ń lo bẹntiróòlù.

Síbẹ̀ 944 Turbo ní kọ̀ǹpútà. Motronic tí Bosch ṣe ni, èyí tó kọ́kọ́ jáde nínú BMW 732i ní 1979. Kí ó tó dé, ọ̀tọ̀ ni ohun tó ń bójú tó epo, ọ̀tọ̀ ni ohun tó ń bójú tó iná plọ́ọ̀gì. Motronic da méjèèjì pọ̀ sábẹ́ ọpọlọ kan. DME ni àwọn tó ni Porsche ń pè é. Àwọn mẹkáníìkì wa nílé ì bá pè é ní brain box.

Báyìí ni ọkọ̀ yìí ṣe bọ́ sí àárín ìran méjì. Àgbà mẹkáníìkì tó mọ kábúrétọ̀ tinú tẹ̀yìn ń bẹ̀rù àpótí DME. Ọ̀dọ́ tó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa ń wá ihò tí yóò ki wáyà rẹ̀ bọ̀, kò rí i. Àárín wọn ni owó ti ń ṣòfò.

Ọmọ Yorùbá kan wà ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, rìwáyà ni, ẹni tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ẹ̀gbọ́n. Mushin ló ti kọ́ṣẹ́ kí ó tó rékọjá òkun. Mo bi í pé báwo ló ṣe ń wádìí ọkọ̀ tí kò ṣeé fi ẹ̀rọ kà.

"Ọ̀gá mi kì í jẹ́ ká fọwọ́ kan sípánà kí a tó fi tẹ́sítà wò ó," ló dáhùn. "Tí o bá ní wáyà kan ò gbé iná, wọ́n á ní, 'Fi hàn mí.' Tí o ò bá lè fi í hàn wọ́n, o ò tíì rí i nìyẹn. A ò ní kọ̀ǹpútà kankan nígbà náà. Tẹ́sítà, mítà, etí àti imú la ní. Ìyẹn náà ni mo ṣì ń lò fún àwọn ọkọ̀ àtijọ́ wọ̀nyí."

Kí ẹ tó tún yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i

Tí kọ́kọ́rọ́ bá yí tí ẹ́ńjìnnì kò mira rárá, ọ̀rọ̀ náà kò le. Bátìrì tó kún yẹ kí ó fi bí 12.6 volt hàn lórí mítà nígbà tó ń sinmi. Tí ó bá já wálẹ̀ gan-an sísàlẹ̀ 10 nígbà tí státà ń yí, bátìrì ni, tàbí wáyà tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ara ọkọ̀ ti dípẹtà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ti státà fúnra rẹ̀ àti ibi tí kọ́kọ́rọ́ ti ń gbé iná.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni òdìkejì rẹ̀: ẹ́ńjìnnì tó ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́, tó yá ju ti àtẹ̀yìnwá, tí ohùn rẹ̀ kò dìde kò sọ̀ kalẹ̀. Ó lè jẹ́ pé táímìnì bẹ́líìtì ti já. Nínú ẹ́ńjìnnì 944, fálífù àti písítìnì ń pín àyè kan náà lò, bẹ́líìtì yìí ló sì ń mú kí wọ́n máa yẹra fún ara wọn. Tó bá já, wọ́n á kọlu ara wọn, fálífù á tẹ̀. Bí èèyàn bá tún ń yí kọ́kọ́rọ́ léraléra, ńṣe ló ń fi kún ìbàjẹ́. Àwọn tó mọ ọkọ̀ yìí kì í jẹ́ kí bẹ́líìtì náà ju ọdún mẹ́rin lọ, yálà ọkọ̀ rìn tàbí kò rìn, nítorí pé rọ́bà ń gbó lórí ìdúró náà. Bẹ́líìtì kejì tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń yí irin méjì tí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbọ̀n, ètò tí Porsche gbàṣẹ lò lọ́wọ́ Mitsubishi. Tí kékeré yẹn bá já, ó lè wé mọ́ ńlá, kó sì gbé e lọ.

Yíyẹ táímìnì bẹ́líìtì wò kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Rótọ̀ tó wà nínú dìsìtíríbútọ̀ so mọ́ iwájú kámúṣáàfù tààrà. Ẹ ṣí ìdérí dìsìtíríbútọ̀, kí ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀. Tí rótọ̀ bá yí, bẹ́líìtì ṣì wà. Tí kò bá yí, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀.

Nǹkan mìíràn tún wà: òórùn. Rọ́bà tó ń gbé epo lórí ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nínú ọkọ̀ tí wọn kò tíì pààrọ̀ rẹ̀, inú ooru tọ́bò ló sì ń gbé. Ọdún 2021 tún ni Britain sọ E10, epo tí ẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ nínú rẹ̀, di epo tó wọ́pọ̀ nílé epo. Ẹ́tánọ́ọ̀lù kì í ṣe ọ̀rẹ́ rọ́bà àtijọ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ni ọkọ̀ àtijọ́ fi ń san owó lé e láti ra E5, èyí tí ẹ́tánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ kéré. Bí ẹ bá gbóòórùn bẹntiróòlù lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìwádìí parí síbẹ̀ títí tí ẹ ó fi rí ibi tó ti ń jò. Ọ̀pọ̀ 944 ló ti jóná kanlẹ̀ látàrí èyí.

Ọwọ́ aago tó ń sọ̀rọ̀

Mẹkáníìkì obìnrin yẹn ni baba Essex ké sí nígbẹ̀yìn. Kò gbé àpótí irinṣẹ́ kankan wọlé ní àkọ́kọ́. Ó jókòó sí àyè awakọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́, ojú rẹ̀ sì wà lára aago tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì.

Nínú 944 tí ara rẹ̀ dá, ọwọ́ aago yẹn máa ń ta pọ́n-ún díẹ̀ nígbà tí státà bá ń yí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọpọlọ ọkọ̀ ń rí i pé ẹ́ńjìnnì ń yí. Ti baba kò mira. Ó dùbúlẹ̀ sórí òdo.

Ó wá fi ohun èlò tí wọ́n fi ń dán iná plọ́ọ̀gì wò sí ẹnu wáyà. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọwọ́ di wáyà náà mú bí àwọn kan ṣe ń ṣe, ẹgbẹẹgbẹ̀rún volt ló ń gba ibẹ̀ kọjá.) Kò sí iná. Ó ní kí baba yí kọ́kọ́rọ́ nígbà tí òun tẹ́tí sí ẹ̀yìn ọkọ̀, níbi tí pọ́ǹpù epo wà. Kẹ́kẹ́ pa. Ó tú plọ́ọ̀gì kan: ó gbẹ, kò sí òórùn epo lára rẹ̀.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ sí ti àwọn aládùúgbò. Epo nìkan kọ́ ló sọnù, iná nìkan kọ́ ló sì sọnù. Méjèèjì ló lọ lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú ọwọ́ aago. Pọ́ǹpù tuntun kò lè mú iná padà. Kọ́ìlì tuntun kò lè mú epo padà. Ohun tó yẹ kí a wá ni ohun tí méjèèjì jọ gbára lé.

Nínú ọkọ̀ yìí, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Rìléè DME wà níbẹ̀, èyí tó ń gbé iná fún ọpọlọ ọkọ̀ àti fún pọ́ǹpù epo. Sẹ́ńsọ̀ méjì wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì tó ń sọ fún ọpọlọ pé ẹ́ńjìnnì ń yí. Ọpọlọ fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú wáyà tó so gbogbo wọn pọ̀.

Ká ní iná wà lẹ́nu plọ́ọ̀gì ni, tí epo nìkan kò dé, fíùsì pọ́ǹpù, pọ́ǹpù, fílítà àti agbára tí epo fi ń sáré nínú páìpù ni a ó yẹ̀ wò. Nǹkan bí 2.5 bar ló yẹ kí mítà kà. Ká ní epo ń dé ni, tí plọ́ọ̀gì tutù rinrin tí kò sì taná, a ó lọ sọ́dọ̀ kọ́ìlì, rótọ̀ àti ìdérí dìsìtíríbútọ̀. Àṣìṣe baba ni pé ó ra oògùn fún àwọn ẹ̀ka méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láìwo gbòǹgbò.

Rìléè tí òjé rẹ̀ sán

Rìléè DME jẹ́ rìléè méjì nínú àpótí kan ṣoṣo. Ìdajì kan ń gbé iná fún ọpọlọ. Ìdajì kejì ń gbé iná fún pọ́ǹpù epo, ọpọlọ kì í sì í jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ àfi tó bá rí i pé ẹ́ńjìnnì ń yí. Ètò yìí dára fún ààbò: tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan tí ẹ́ńjìnnì kú, pọ́ǹpù yóò dákẹ́, kò ní máa tú epo sórí irin gbígbóná.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni òjé tí wọ́n fi jó ẹsẹ̀ irin rẹ̀ mọ́ pátákó inú. Ooru ń mú un fẹ̀, òtútù ń mú un sún kì, ọkọ̀ ń gbọ̀n ọ́n láti ọdún dé ọdún. Yóò sán, sísán náà tín-ín-rín bí irun. Ní ọjọ́ kan yóò kan ara, ọkọ̀ á ṣíná. Ní ọjọ́ kejì kò ní kan ara. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi lè lọ ra búrẹ́dì kó sì padà wálé láyọ̀, kó wá má ṣíná mọ́.

Obìnrin náà yọ rìléè, ó sì fi wáyà kékeré tó ti múra sílẹ̀ so ihò tí àmì wọn jẹ́ 30, 87 àti 87b pọ̀ mọ́ ara wọn, bí ẹni pé rìléè ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Pọ́ǹpù hùn lẹ́yìn ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ní kí baba yí kọ́kọ́rọ́. Ọwọ́ aago ta. Ẹ́ńjìnnì gbaná kí ó tó yí ẹlẹ́ẹ̀kẹta.

Kò jẹ́ kí ó pẹ́. Ó pa á, ó sì yọ wáyà náà. "Àwọn kan máa ń fi wáyà yìí sílẹ̀, wọ́n á máa wa ọkọ̀ kiri," ló sọ fún baba, ohùn rẹ̀ le. "Tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, kò sí ohun tó máa pa pọ́ǹpù yẹn. Ẹ má ṣe é láéláé."

Ó ṣí ìdérí rìléè àtijọ́ náà lórí tábìlì, ó gbé e sábẹ́ gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi. Òrùka dúdú kan yí ẹsẹ̀ irin kan ká, níbi tí òjé ti já kúrò lára rẹ̀. Ó ní òun lè jó òjé tuntun sí i, yóò sì ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n tuntun ló fi sí i. Rìléè tuntun ṣì wà lọ́jà, owó rẹ̀ kò sì tó ti kọ́ìlì tí baba ti rà lásán.

Sẹ́ńsọ̀ méjì tó sá pamọ́ sí ibi tó gbóná

Ká ní wáyà yẹn kò mú ọkọ̀ ṣíná ni, ó ní ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì ni òun ì bá lọ, níbi tí ẹ́ńjìnnì ti pàdé kílọ́ọ̀ṣì. Sẹ́ńsọ̀ méjì wà níbẹ̀ tí wọ́n jọra bí ìbejì. Ọ̀kan ń ka eyín fláíwíìlì bí wọ́n ṣe ń kọjá, kí ọpọlọ lè mọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára tó. Èkejì ń wá àmì kan ṣoṣo lára fláíwíìlì, kí ọpọlọ lè mọ ibi tí písítìnì dé. Láìsí wọn, ọpọlọ kò mọ ìgbà tó yẹ kí plọ́ọ̀gì taná, kò sì ní fún rìléè láṣẹ láti gbé iná fún pọ́ǹpù. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò sọ pé pọ́ǹpù ti kú.

Àlàfo tó yẹ kí ó wà láàárín sẹ́ńsọ̀ àti fláíwíìlì jẹ́ nǹkan bí 0.8 mílímítà. Bí ẹnì kan bá yí kílọ́ọ̀ṣì padà tí kò sì wọn àlàfo yìí, ọkọ̀ lè má ṣíná lọ́jọ́ náà gan-an, tàbí kí ó máa ṣíná nígbà tó tutù, kó sì kọ̀ nígbà tó gbóná. Mítà yẹ kí ó ka nǹkan bí 1,000 ohm lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n sẹ́ńsọ̀ kì í sábà jẹ̀bi tó ẹnu wáyà rẹ̀. Ike tó dì í mú ti gbẹ, ó ń fọ́ wẹ́wẹ́ bí a bá ti fọwọ́ kàn án, wáyà inú rẹ̀ sì ti le.

Èyí ni ibi tí mo ti gbà pé tọ́bò ní ìpín tirẹ̀. Ní 944 Turbo, páìpù èéfín ń gba ìsàlẹ̀, lẹ́bàá ibi tí ẹ́ńjìnnì ti pàdé kílọ́ọ̀ṣì, kọjá lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì níbi tí tọ́bò wà. Ooru yẹn ń yan wáyà, rọ́bà àti ike láti ọdún dé ọdún. Porsche mọ̀ pé ooru ń kóra jọ síbẹ̀. Wọ́n fi pọ́ǹpù omi kékeré kan tó ń lo iná mànàmáná sí i, tó ń tu tọ́bò lára fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti pa ẹ́ńjìnnì. Pọ́ǹpù yẹn náà ti gbó nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, àwọn tó ni wọ́n kò sì gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ọwọ́ àwọn tó ti ṣe é kọjá

Ẹ̀gbọ́n ti Peckham ní òun ti rí ọkọ̀ àtijọ́ púpọ̀ tó jẹ́ pé aláàmù tí ẹnì kan so mọ́ wọn ní bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ló ń pa wọ́n. Nígbà tí olè ọkọ̀ pọ̀ ní Britain, wọ́n máa ń gé wáyà pọ́ǹpù tàbí ti ọpọlọ, wọ́n á so aláàmù sí àárín, wọ́n á fi téèpù dúdú wé e. Àpótí aláàmù ti kú báyìí, rìmóòtù rẹ̀ ti sọnù, ẹni tó so ó kò sí mọ́. Téèpù ti yọ̀, wáyà ti dípẹtà.

"Kò sí nínú ìwé àwòrán wáyà ọkọ̀ náà," ló wí. "O lè fi odidi ọjọ́ kan wá a. Èmi, tí mo bá ti rí téèpù tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́, ibẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ tú."

Ẹlòmíràn tí mo bá sọ̀rọ̀, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga kan tó ra 944 Turbo tí kò ṣíná lọ́wọ́ ẹni tó ti sú, sọ pé nǹkan márùn-ún ni ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti pààrọ̀, tó sì dá kún ìṣòro rẹ̀. Ó ti fi sẹ́ńsọ̀ ìgbóná omi sílẹ̀ láìso wáyà rẹ̀ padà. Ojú ọpọlọ ọkọ̀, òtútù tó lé kenkà ló mú, ó sì ń tú epo lé epo. Ní ìwọ̀n 20 lórí òdiwọ̀n Celsius, ó yẹ kí sẹ́ńsọ̀ yẹn wà láàárín 2,000 sí 3,000 ohm. Wáyà tó yọ kò ní iye kankan. Plọ́ọ̀gì ti rì sínú bẹntiróòlù. Epo tí kò jó bẹ́ẹ̀ tún ń fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri sílíńdà, bí ẹni tó ni ín bá sì tẹra mọ́ kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì á máa jẹ ara rẹ̀.

Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní òkú ọkọ̀ nínú ìpolówó, tí wọ́n sì ń ta ní owó pọ́ọ́kú. Olùkọ́ náà gbẹ plọ́ọ̀gì, ó so wáyà padà, ó wa ọkọ̀ náà lọ sílé. Inú mi dùn sí ìtàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dùn mí pé kì í ṣe gbogbo irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń bọ́ sọ́wọ́ ẹni bí i tirẹ̀.

Ọpọlọ ni kó kẹ́yìn

Àpótí DME fúnra rẹ̀ ń bàjẹ́ lóòótọ́. Òjé inú rẹ̀ ń sán bí ti rìléè, omi sì lè wọ inú rẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ń jò. Ṣùgbọ́n òun ni ẹni tí kò mọ ọ̀nà máa ń kọ́kọ́ yọ, nítorí pé òun ni kò yé e. Gbogbo àwọn tó mọ iṣẹ́ tí mo bá sọ̀rọ̀ ló fẹnu kò pé àwọn kì í fọwọ́ kàn án títí àwọn yóò fi rí i pé iná ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, pé wáyà tó so ó mọ́ ara ọkọ̀ mọ́ tónítóní, àti pé àmì sẹ́ńsọ̀ méjèèjì ń dé ẹnu rẹ̀. Tí gbogbo èyí bá pé tí kò sì dáhùn, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ títún irú àpótí bẹ́ẹ̀ ṣe. Ríra ti àlòkù jẹ́ tẹ́tẹ́ títa, torí pé ọjọ́ orí kan náà ni òun náà wà.

Kí mẹkáníìkì obìnrin yẹn tó kúrò ní Essex, ó mú ìwé kékeré kan jáde, ó kọ ohun tó bá nínú ọkọ̀ sílẹ̀: iye volt bátìrì nígbà ìsinmi àti nígbà tí státà ń yí, iye ohm sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan, agbára epo, ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ rìléè, ọdún tí bẹ́líìtì wọlé. Ó fi ìwé náà àti rìléè kejì sínú àpótí iwájú ọkọ̀. Ó sọ fún baba pé tí ọkọ̀ bá tún kọ̀, kí ó fún ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe ní ìwé yẹn kí onítọ̀hún tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ní ọkọ̀ tó ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í sábà gba òun ju wákàtí kan tàbí méjì lọ, nígbà tí èyí tí kò ní lè gba òun lọ́jọ́ méjì, òun yóò sì gba owó ọjọ́ méjèèjì.